Wákàtí Kan Péré: Ìtàn RAID àti Ohun tí Ó Ń Béèrè Lọ́wọ́ Ẹni tó Ni Sáfà

Gbogbo dísìkì ló ń kú. Kò sí ilé iṣẹ́ tó lè ṣe èyí tí kò ní kú, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tí tirẹ̀ máa kú. Bẹ́ẹ̀, èsì ìdánwò wa, owó wa ní báńkì, iṣẹ́ àṣekágbá tí a fi odindi ọdún kan kọ, orí dísìkì ni gbogbo wọn ń sùn.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí ni ti àwọn tó gbà pé dísìkì gbọ́dọ̀ kú, tí wọ́n sì wá ọ̀nà tí ikú ọ̀kan kò fi ní di òfò gbogbo wa. RAID ni ayé ń pe ọ̀nà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ ti há a sórí fún ìdánwò: RAID 0, RAID 1, RAID 5. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, ẹ ṣeé ṣe kí ẹ ti tò ó sórí sáfà ibi iṣẹ́ yín. Àmọ́ nọ́ńbà kan wà nínú ìwé tó sọ RAID lórúkọ, tí a kì í sábà kà sí. Wákàtí kan ni nọ́ńbà náà. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, a kò tíì lóye RAID, bó ti wù kí a tò ó tó.

Kí ó tó ní orúkọ

Ní oṣù September ọdún 1956 ni IBM gbé kọ̀ǹpútà RAMAC 305 jáde. Ẹ̀rọ ìpamọ́ tó wà lára rẹ̀, IBM 350, ni dísìkì líle àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé sọ́jà. Ìlú San Jose ní California ni Reynold Johnson àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe é. Àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínṣì 24, gbogbo rẹ̀ sì wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Pẹ̀lú gbogbo ìtóbi yìí, ohun tó lè gbà kò ju lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo láti inú fóònù òde òní lè kún un.

Ṣùgbọ́n ìrònú tó wà nídìí RAID dàgbà ju dísìkì lọ. Ní Bell Labs, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Richard Hamming máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ní òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ náà. Bí ẹ̀rọ bá rí i pé àṣìṣe ti wọ inú iṣẹ́, yóò pa iṣẹ́ náà tì, yóò bọ́ sórí òmíràn. Tí Hamming bá dé ní ọjọ́ Ajé, kò sí èsì kankan. Ó wá bi ara rẹ̀ pé: bí ẹ̀rọ bá lè mọ̀ pé àṣìṣe wà, kí ló dé tí kò lè mọ ibi tí àṣìṣe wà, kó sì tún un ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ jáde ní ọdún 1950. Ó fi hàn pé bí a bá fi àwọn àmì díẹ̀ kún dátà, tí a tò wọ́n dáadáa, àwọn àmì náà yóò tọ́ka sí ibi tó bàjẹ́.

Ní ọdún 1974, James Treybig dá ilé iṣẹ́ Tandem Computers sílẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi báńkì, tí kò fẹ́ kí ẹ̀rọ wọn dákẹ́ rárá, ni wọ́n ṣe NonStop fún. Ohun gbogbo inú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní méjì-méjì, dísìkì náà pẹ̀lú. Tí o bá kọ nǹkan sí ọ̀kan, a ti kọ ọ́ sí èkejì. Ní ọdún 1978, òṣìṣẹ́ IBM kan tó ń jẹ́ Norman Ken Ouchi gba pátẹ́ǹtì lórí ọ̀nà tí a lè gbà fi ohun tó wà lórí àwọn ẹ̀rọ tó kù ṣe ìṣirò ohun tó sọnù lórí èyí tó bàjẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé ọdún 1978 la wà yìí. Ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ kọ́ ló bí i. Àwọn ẹ̀yà ara RAID ti wà nílẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá kí orúkọ rẹ̀ tó dé.

Berkeley, 1987 sí 1988

Ta wá ni ó sọ ọ́ lórúkọ? Àwọn mẹ́ta ni, ní Yunifásítì California ní Berkeley: David Patterson àti Randy Katz tí wọ́n jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, àti Garth Gibson tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dùn mọ́ wa díẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa wà nínú àwọn tó kọ ìwé náà. Ìwé ọ̀hún, A Case for Redundant Arrays of Inexpensive Disks, kọ́kọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí ìròyìn inú ilé ní December 1987. Wọ́n wá gbé e lọ sí àpérò SIGMOD ní Chicago ní June 1988.

Ìṣòro tí wọ́n ń bá jà kì í ṣe ikú dísìkì, ìyára ni. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń yára sí i lọ́dọọdún, dísìkì kò sì lè sáré bá a. Ohun tí ọwọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá wà lórí rẹ̀ nígbà náà ni dísìkì ràgàjì olówó iyebíye bíi IBM 3380. Ó ń gba 7,500 MB, ó sì ń jẹ iná tó tó 6,600 wáàtì. Lọ́wọ́ kejì, àwọn kọ̀ǹpútà kékeré orí tábìlì ti mú kí dísìkì kéékèèké pọ̀ lọ́jà. Conner CP3100 ń gba 100 MB, wáàtì 10 péré ló ń jẹ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 75 irú rẹ̀ gba iye kan náà pẹ̀lú ràgàjì yẹn, wáàtì 750 ni gbogbo wọn máa jẹ, gbogbo wọn sì lè máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú nìyí. Ìwé náà fún dísìkì ńlá àti kékeré ní iye ọjọ́ orí kan náà: ní àròpín, 30,000 wákàtí kí ọ̀kan tó kú. Ìyẹn ju ọdún mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá to 100 dísìkì pọ̀, wákàtí 300 ni ọ̀kan nínú wọn máa kú. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dà bíi gbọ̀ngàn ńlá tó ní gílóòbù ọgọ́rùn-ún: gílóòbù kan lè pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà kò ní sinmi àtẹ̀gùn gígùn. Bí ikú gílóòbù kan bá sì lè sọ gbogbo gbọ̀ngàn di òkùnkùn, ta ló máa gbà kí ó jẹ́ ọgọ́rùn-ún?

Nítorí náà, ìyára ni wọ́n wá lọ, ààbò ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rà. Ìwé náà to ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà.

Ìpele kìíní ni ti Tandem: ohun gbogbo ní ẹ̀dà méjì, bí ojú àti àwòrán rẹ̀ nínú dígí. Kò ní wàhálà, àmọ́ ìdajì owó rẹ ló máa wọlé sí ẹ̀dà.

Ìpele kejì lo ọgbọ́n Hamming. Fún dísìkì dátà mẹ́wàá, ó nílò dísìkì àyẹ̀wò mẹ́rin.

Ìpele kẹta ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà. Kí ni mẹ́rin yẹn ń ṣe gan-an? Púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn ni láti wádìí pé ta ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n dísìkì tó kú kì í fi ara pamọ́. Kò dáhùn mọ́ ni, kọnturóólà rẹ̀ sì ti mọ̀. Bí a bá ti mọ ẹni tó kú, ohun tó kù ni láti mọ ohun tó gbé lọ, dísìkì àyẹ̀wò kan ṣoṣo sì tó fún ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Dísìkì mẹ́ta ní 4, 7 àti 2 lórí. A kọ àròpọ̀ wọn, 13, sórí ẹ̀kẹrin. Èyí tó ní 7 kú. A yọ 4 àti 2 kúrò nínú 13, 7 sì padà wá. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe àròpọ̀ bíi tiwa o. XOR ló ń lò: ó ń wò bóyá iye 1 tó wà ní ipò kan jẹ́ ọ̀kan-ò-léjì tàbí méjì-méjì. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ìpele kẹrin jẹ́ kí dísìkì kọ̀ọ̀kan lè dá ìbéèrè tirẹ̀ lóhùn, láì dúró de àwọn yòókù. Àmọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ dísìkì àyẹ̀wò kan yẹn kọjá, ibẹ̀ a sì dí pa bí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lákòókò oúnjẹ.

Ìpele karùn-ún tú u sílẹ̀. Kò sí dísìkì tí iṣẹ́ àyẹ̀wò jẹ́ tirẹ̀ nìkan mọ́. Yíyí ni wọ́n ń yí i ká, bí a ṣe ń yí gbígbá yàrá ká ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí ó kàn lónìí, kò kàn án lọ́la. RAID 5 nìyẹn. RAID 0, tó kàn ń pín dátà káàkiri láìsí ààbò rárá, kò sí nínú àwọn márùn-ún yìí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n fún un ní nọ́ńbà.

Wákàtí kan náà

Wàyí o, ẹ wo ìlérí ìwé náà. Fún 100 dísìkì dátà tí a pín sí ọ̀wọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní dísìkì àyẹ̀wò kan, àròpín àkókò kí dátà tó sọnù jẹ́ nǹkan bíi 820,000 wákàtí. Ó ju 90 ọdún lọ. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sí 90 ọdún, pẹ̀lú dísìkì mẹ́wàá péré ní àfikún! Kò yani lẹ́nu pé ayé gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe dé 90 ọdún? Dátà kì í sọnù nígbà tí dísìkì kan bá kú. Ìgbà tí èkejì bá kú nínú ọ̀wọ́ kan náà, kí a tó pààrọ̀ ti àkọ́kọ́, ló máa ń sọnù. Gbogbo ìṣirò náà wá dúró lórí bí ìpààrọ̀ náà ṣe yá tó. Ìwé náà fi í sí wákàtí kan, látìgbà tí dísìkì ti kú títí tí òmíràn fi gba ipò rẹ̀, tó sì kún.

Mo fi ìlànà ìṣirò wọn kan náà wò ó pé: bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ńkọ́? Bóyá ẹni tó mọ sáfà náà rìnrìn àjò, bóyá ìwé owó dísìkì tuntun wà lórí tábìlì ọ̀gá kan. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá fi pín 820,000, nǹkan bíi 4,900 wákàtí ló kù. 90 ọdún di nǹkan bíi oṣù mẹ́fà àbọ̀. Dísìkì kò yí padà, sáfà kò yí padà. Ẹni tó yẹ kó mójú tó o ló yí padà.

Ohun tí ìtàn yìí ń sọ fún mi nìyí: RAID kò gba dátà là rí. Àkókò ló ń rà fún wa. Àwa la gbọ́dọ̀ ná an.

Bí ó ṣe wọ inú sáfà gbogbo ènìyàn

Àwọn ará Berkeley kò dúró lórí ìwé. Ní ọdún 1989 wọ́n ti kọ́ RAID-I, kọ̀ǹpútà Sun kan tí wọ́n so dísìkì 28 mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ náà kò jáfara, nígbà tó sì di ọdún 1992 wọ́n ti dá RAID Advisory Board sílẹ̀ láti mú kí orúkọ náà ní ìtumọ̀ kan náà lọ́jà. Láàárín ìgbà náà ni lẹ́tà I inú RAID ṣí nípò. Inexpensive ni àwọn tó kọ ìwé fi í pè, ìyẹn ni pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn tó ń tà á sọ ọ́ di independent. Ta ni yóò fi orúkọ "olówó pọ́ọ́kú" ta àpótí olówó gọbọi?

Ẹni tí kò lówó àpótí náà kò ṣaláìrí tirẹ̀ gbà. Nígbà tí Microsoft gbé Windows NT jáde ní July 1993, ẹ̀yà tí wọ́n ṣe fún sáfà lè so dísìkì méjì pọ̀ bíi dígí, tàbí kó na àyè ìpamọ́ kan kọjá orí dísìkì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú iye àyẹ̀wò, láìsí kọnturóólà àkànṣe. Windows 2000 sọ wọ́n di mirrored volume àti RAID-5 volume, ẹ̀yà sáfà nìkan ló sì lè dá wọn sílẹ̀. Ní apá Linux, md wọ inú kernel 2.0 ní ọdún 1996, ó ń pín dátà káàkiri nìkan nígbà náà. Ààbò tẹ̀lé e. Ní ọdún 2001 ni Neil Brown kọ mdadm, irinṣẹ́ tí a ṣì ń lò títí dòní.

Ẹ wo bí ayé ṣe yí. Ohun tó gba báńkì ní owó ńlá ní ọdún 1976, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìlà àṣẹ kan dá a sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àlòkù. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yẹn ní ewu tirẹ̀. Títò rẹ̀ di iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìmójútó rẹ̀ sì wà bó ṣe wà.

Wákàtí náà ń gùn sí i

Lẹ́yìn náà ni dísìkì bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. CP3100 tó gba 100 MB ń gbé 1 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá 100 ti tó láti kà á tán. Dísìkì 10 TB òde òní ńkọ́? Bí ó bá tiẹ̀ ń gbé 200 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan láì sinmi, ó lé ní wákàtí 13 kí a tó kún un. Ní gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn, RAID 5 kò ní ààbò kankan. Ó tún kù: lórí ọ̀pọ̀ dísìkì olówó pọ́ọ́kú, ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sára rẹ̀ ni pé nínú bíìtì 10¹⁴ tí a bá kà, ọ̀kan lè kọ̀ láti ṣeé kà. Ìyẹn jẹ́ 12.5 TB. Bí dísìkì 4 TB mẹ́rin bá wà nínú RAID 5 tí ọ̀kan kú, a gbọ́dọ̀ ka 12 TB láì kọsẹ̀ kí a tó tún un ṣe. Nítorí èyí ni RAID 6 ṣe dé, tó ní iye àyẹ̀wò méjì, tí ikú dísìkì méjì kò fi ní ba nǹkan jẹ́.

Ní ọdún 2007, Bianca Schroeder àti Garth Gibson kan náà, tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, wo àkọsílẹ̀ nǹkan bíi 100,000 dísìkì. Ìlérí àwọn tó ṣe wọ́n ni pé ìdá tí yóò bàjẹ́ lọ́dún kò ní ju 0.88 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́pọ̀, ó sì tó 13 níbòmíràn. Èyí tó tún burú jù ni pé ikú wọn kì í dá wá. Bí ọ̀kan bá kú, ó ṣeé ṣe kí òmíràn tẹ̀lé e láìpẹ́. Ìṣirò ọdún 1988 sì gbà pé ikú ọ̀kan kò kan èkejì. Ẹ rò ó wò: dísìkì tí a rà lọ́jọ́ kan náà, láti inú páálí kan náà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ooru kan náà. Ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Ti iná mànàmáná náà tún wà níbẹ̀. RAID 5 gbọ́dọ̀ kọ dátà, kó sì kọ iye àyẹ̀wò. Bí iná bá lọ láàárín méjèèjì, ìṣirò kò bára mu mọ́, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ títí dìgbà tí dísìkì kan bá kú. Write hole ni wọ́n ń pè é. Kọnturóólà olówó ńlá ń fi bátìrì dí i, ZFS tí Sun gbé jáde ní ọdún 2005 sì yí ọ̀nà ìkọ̀wé padà kí ihò náà má baà sí rárá. Ní ibi tí iná ti ń lọ láì dágbére, UPS kì í ṣe ọ̀ṣọ́ fún sáfà.

Ohun tí RAID kò mọ̀

RAID kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí o fẹ́ àti ohun tí o ṣèèṣì ṣe. Pa fáìlì rẹ́, yóò pa á rẹ́ lórí gbogbo dísìkì pẹ̀lú ìṣọ́ra tó ga jù. Ní January 31, 2017, òṣìṣẹ́ GitLab kan fẹ́ nu fódà kan kúrò lórí sáfà kejì. Ti àkọ́kọ́ ló nù. Nínú nǹkan bíi 300 GB, 4.5 GB ló kù nígbà tó fi dá a dúró. Ọ̀nà backup márùn-ún ni wọ́n rò pé wọ́n ní, kò sì sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà kan tí wọ́n ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún ìdí mìíràn pátápátá, ló yọ wọ́n. Ní March 10, 2021, iná jó ilé sáfà OVH kan run ní Strasbourg, ilẹ̀ Faransé. Ẹni tí dísìkì rẹ̀ méjèèjì wà nínú ilé tó jóná, dígí rẹ̀ jóná pẹ̀lú ojú.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé sáfà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tàbí ti ẹgbẹ́ lé ọ lọ́wọ́ lọ́la, má kàn béèrè pé ìpele wo ni kí n lò. Béèrè pé: bí dísìkì kan bá kú ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ta ló máa mọ̀, ìgbà wo ló sì máa mọ̀? Jẹ́ kí mdadm máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ka ímeèlì rẹ̀. Ra dísìkì àfirọ́pò sílẹ̀ kí èyí tó wà níbẹ̀ tó kú. Kí o tó gbé dátà gidi síbẹ̀, yọ dísìkì kan fúnra rẹ, kí o wo bí yóò ṣe tún ara rẹ̀ ṣe, kí o sì ka wákàtí tí ó gbà. Fi ẹ̀dà kan sí ilé mìíràn, kí o sì máa gbìyànjú láti ṣí i lóòrèkóòrè.

Patterson, Gibson àti Katz fún wa ní ọ̀gbọ́n tí dísìkì kan fi lè kú láìsí òfò. Wákàtí kan péré ni wọ́n ní kí a fi dáhùn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. RAID kò ní ojú, tiwa ló ń lò.